Ìwé Tí Ó Padà Di Ohùn: Àwọn Tí Ń Ka Ìtàn Ìwáṣẹ̀ Ayé Sínú Ẹ̀rọ, àti Ohun Tí Ó Kan Àwa Onífá Níbẹ̀

Ìfáàrà

Ẹnu ni a fi ń kọ́ Ifá, etí ni a fi ń gbà á. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé àwọn ènìyàn kan ń fi ohùn ara wọn pa ìtàn àtijọ́ mọ́, tí wọn kò sì gba owó lé e, ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri ayé lónìí. Inú ilé wọn ni wọ́n ń jókòó sí. Wọn a ti fèrèsé, wọn a ka ìtàn ìwáṣẹ̀ àti ìtàn àwọn akọni orílẹ̀-èdè gbogbo sínú ẹ̀rọ, wọn a sì fi í sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé tí a kà sínú ẹ̀rọ báyìí ni a ó máa pè ní ìwé àfetígbọ́.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni kí á ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ti ń lọ, irú ìtàn tí ó ń gbé dé etí aráyé, àti ìdí tí kò fi yẹ kí àwa onífá fi í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Kókó ọ̀rọ̀ wa kò gùn. Iṣẹ́ àwọn olùkàwé wọ̀nyí dára, wọ́n sì ṣeun. Ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ẹnu onítàn. Òfin ni ó sì ń yan ìwé tí wọ́n lè kà. Bí àwa kò bá fi ohùn tiwa síbẹ̀, ohùn àlejò ni yóò máa sọ ìtàn wa fún ayé.

1. Àwọn wo ni wọ́n, báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣe é?

Ẹgbẹ́ tí ó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni LibriVox. Hugh McGuire, ará ìlú Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, ni ó dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2005. Ó ké sí àwọn ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n wá bá òun ka ìwé kan, kí kálukú mú orí tirẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n kà ni The Secret Agent tí Joseph Conrad kọ. Láti ìgbà náà, iye ìwé tí wọ́n ti kà parí ti ju 15,000 lọ. Olùkàwé kò gba kọ́bọ̀, olùgbọ́ kò san kọ́bọ̀, kò sì sí ìpolówó ọjà tí ń dá ìtàn dúró láàrin.

Ìwé tí wọ́n ń kà kò ti ọ̀dọ̀ ara wọn wá. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ Project Gutenberg, tí Michael Hart bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1971, níbi tí àwọn mìíràn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ti ń tẹ àwọn ìwé àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ibi tí wọ́n ń kó ohùn náà pamọ́ sí ni Internet Archive, tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní 1996. Ẹ rí i pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan ni ó gun èkejì léjìká: ẹnìkan tẹ ìwé, ẹnìkan kà á, ẹnìkan sì ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kàwé yóò kọ́kọ́ ka nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ránṣẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ dára. Kì í ṣe ìdíje ohùn rárá. Wọn kì í lé ẹnikẹ́ni nítorí pé ohùn rẹ̀ kò dùn, tàbí nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní àmì ìlú rẹ̀ lára. Bí ó bá ti yege, yóò mú orí kan nínú ìwé tí ó wù ú, tàbí kí ó dá odindi ìwé kà. Makirofóònù kékeré àti kọ̀ǹpútà tó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo Audacity, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ tí a sì fi ń gé e. Ní ìbẹ̀rẹ̀, olùkàwé gbọ́dọ̀ sọ orúkọ ìwé náà àti ẹgbẹ́ náà, kí ó sì kéde pé ohun tí òun ń kà ti di ti gbogbo ayé. Ní òpin, yóò dákẹ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá 5 kí ó tó pa ẹ̀rọ. Ó lè sọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì lè fi í pamọ́.

2. Etí tí ń ṣọ́ ohùn

Apá kan wà nínú iṣẹ́ wọn tí yóò yé onífá kíákíá. Kò sí orí kankan tí wọ́n ń gbé jáde láìjẹ́ pé ẹlòmíràn ti gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni yìí yóò máa gbọ́ bóyá olùkàwé fo ọ̀rọ̀ kan, bóyá ó ka gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mejì, bóyá ajá ń gbó lẹ́yìn, tàbí bóyá ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. Bí àṣìṣe bá wà, ó padà di ọwọ́ ẹni tí ó kà á. Alábòójútó kan sì tún wà tí ń kó gbogbo orí jọ.

Ṣé kò jọ tiwa? Nígbà tí àwọn babaláwo bá péjọ tí ẹnìkan ń sun ìyẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù kì í jókòó lásán. Bí ó bá ti ń wí i bí ó ti tọ́, wọn a máa dáhùn pé "Hin!" Bí ó bá fò ó tàbí tí ó ṣì í, wọn a dá a dúró. Etí àwọn àgbà ni ó ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ohun tí ó mú kí ẹsẹ Ifá wà láti ìran dé ìran kì í ṣe agbára ìrántí ẹnìkan ṣoṣo, bí kò ṣe pé kò sí ẹni tí a ń dá fi sílẹ̀ láti ṣe bí ó ti wù ú.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà, ó sì tóbi. Ẹni tí ń gbọ́ fún LibriVox, ìwé ni ó dì mọ́wọ́. Ohun tí ó ń béèrè ni pé: ṣé ohun tí ó wà nínú ìwé ni ó kà? Kì í béèrè bóyá ohun tí ó wà nínú ìwé jẹ́ òótọ́. Wọn kò sì gba olùkàwé láàyè láti fi àlàyé tirẹ̀ sí i, kì báà ṣe gbólóhùn kan. Bí ìwé bá ṣìnà, olùkàwé yóò bá a ṣìnà, olùgbọ́ yóò sì fọwọ́ sí i pé ó pé. Àwọn àgbà Ifá ní tiwọn, ìtàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. A kò sọ èyí láti bú ẹgbẹ́ náà. Olóòótọ́ sí ìwé ni wọ́n, ohun tí wọ́n sì ṣèlérí nìyẹn. Ẹni tí ń gbọ́ ni ó yẹ kí ó mọ ohun tí òun ń gbọ́.

3. Ìtàn tí ó ti ẹnu púpọ̀ kọjá

Ẹ jẹ́ kí á mú ìwé mẹ́ta tí wọ́n máa ń kà, kí á lè rí ọ̀nà tí ìtàn gbà kí ó tó dé etí wa.

Èkínní ni Kalevala ti àwọn ará Finland. Dókítà ni Elias Lönnrot, ẹni tí ó kó o jọ. Ó fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri agbègbè Karelia, ó ń jókòó ti àwọn akọrin ìbílẹ̀, ó ń kọ ohun tí wọ́n ń kọ lórin sílẹ̀. Ní 1834, ó bá Arhippa Perttunen, àgbà akọrin kan, ó sì lo bí ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ó ń kọ̀wé. Ó so orin ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹnu pọ̀ di ìtàn kan ṣoṣo. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1835, ó tún un ṣe ní 1849, ó sì di orin 50 tí ìlà rẹ̀ jẹ́ 22,795. Nínú rẹ̀, ayé bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹyin. Ẹyẹ bí pẹ́pẹ́yẹ yé ẹyin sí orúnkún abo-ẹ̀mí inú omi, ẹyin náà bọ́, ó sì fọ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ilẹ̀, òkè rẹ̀ di sánmà, pupa inú rẹ̀ di oòrùn, funfun rẹ̀ di òṣùpá. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ ìtàn adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tí ó tan ilẹ̀ sórí omi yóò gbádùn ìtàn yìí, yóò sì ronú lé e. John Martin Crawford túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1888, ohun tí olùkàwé òde òní sì kà sínú ẹ̀rọ nìyẹn. Ẹ kà á: akọrin, Lönnrot, Crawford, olùkàwé. Ẹnu mẹ́rin ni. Ohùn orin ti sọ nù láti ẹnu kejì.

Èkejì ni Edda ti ilẹ̀ Iceland, tí Snorri Sturluson kọ ní nǹkan bí 1220. Ó ti tó 200 ọdún tí ilẹ̀ náà ti gba ìsìn Kristi kí Snorri tó mú gègé. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó ní ènìyàn lásán tí ó wá láti ìlú Troy ni àwọn òrìṣà àtijọ́ náà. Kò sí babaláwo tàbí àwòrò ti ìsìn náà tí ó lè jókòó tì í kí ó wí fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìwé tí Thomas Bulfinch tẹ̀ jáde ní 1855 lórí àwọn òrìṣà Gíríìkì àti Róòmù. Òṣìṣẹ́ báńkì ní ìlú Boston ni Bulfinch. Ìdí tí ó fi kọ ìwé náà ni pé kí àwọn tí ń ka ewì Gẹ̀ẹ́sì lè mọ orúkọ tí àwọn akéwì ń dá. Ó sì yọ ohun tí ó rò pé kò bójú mu kúrò. Ìwé dídùn ni, kò sí àníàní. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ tí ó rò pé òun ti gbọ́ àwọn Gíríìkì, Boston ni ó gbọ́.

4. Òfin ni ó ń yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀

Kí ló dé tí ìwé àtijọ́ fi pọ̀ tó báyìí nínú ohun tí wọ́n ń kà? Nítorí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ni. Wọn kò gbọ́dọ̀ ka ìwé tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Òfin Amẹ́ríkà ni LibriVox ń tẹ̀ lé, òfin náà sì ní pé ìwé tí a tẹ̀ jáde yóò di ti gbogbo ayé lẹ́yìn ọdún 95. Nípa bẹ́ẹ̀, ìwé tí a tẹ̀ ní 1929 bọ́ sí ọwọ́ gbogbo ayé ní ọjọ́ kìíní ọdún 2025.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kàn wá nìyí. Ta ni ó kọ̀wé nípa Òrìṣà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kí 1929 tó dé? Lára wọn ni A. B. Ellis, ọ̀gá sọ́jà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó tẹ ìwé kan jáde nípa àwa Yorùbá ní 1894. Nínú ìwé náà, Ellis ní ara Yemọja bẹ́, àwọn òrìṣà púpọ̀ sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ibi tí ara rẹ̀ ti wú tí ó sì fẹ̀ ni a kọ́ Ifẹ̀ sí, pé ohun tí orúkọ ìlú náà túmọ̀ sí nìyẹn. Ẹ gbọ́ ná! Àwa pẹ̀lú ń sọ pé Ifẹ̀ ni ibi tí nǹkan ti fẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ó fẹ̀, níbi tí adìyẹ ti ta á káàkiri. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìtàn rẹ̀ ni a gbé gba ibòmíràn. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó tẹ Ifá ní Kétu ní 1953 tí a sì ń pè ní Fátúmbí, tọ ipasẹ̀ ìtàn yìí. Ó fi hàn pé inú ìwé Noël Baudin, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, ti 1884, ni Ellis ti mú un, àti pé ẹnìkan ń dà á kọ láti ọwọ́ ẹnìkejì ni.

Nísinsìnyí, ẹnikẹ́ni lè ka Ellis sínú ẹ̀rọ láìtọrọ àyè. Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá, tí Wándé Abímbọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 1968 láti ẹnu àwọn babaláwo gan-an, kò ní bọ́ sí ọwọ́ gbogbo ayé lábẹ́ òfin yìí títí di 2064. Ìyẹn ni pé ọmọ wa tí a bí ní Brazil tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ń wá ìtàn Òrìṣà tí yóò máa gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọkọ̀, Ellis ni òfin ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un. A kò ní kí á fi ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ṣeré, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń dáàbò bò. Ohun tí à ń wí ni pé òfin tí ó dára fún òǹkọ̀wé lè fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe àtijọ́ láti máa pariwo nígbà tí òtítọ́ wà ní títì pa.

5. Ìwé Yorùbá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí

Kì í ṣe pé a kò ní nǹkan kan rárá. E. M. Lijadu, òjíṣẹ́ ìjọ Kristi tí ó ṣiṣẹ́ ní Oǹdó, kọ ìwé méjì lórí Ifá ní èdè Yorùbá. Èkínní, ti 1898, ń jẹ́ Ifá: Ìmọ́lẹ̀ Rẹ̀ Tí Í Ṣe Ìpìlẹ̀ Ìsìn ní Ilẹ̀ Yorùbá, èkejì, Ọ̀rúnmlà, jáde ní 1908. Lóòótọ́, kì í ṣe onífá, ó sì ní ohun tí ó fẹ́ fi ìwé rẹ̀ ṣe fún ìsìn tirẹ̀. Síbẹ̀ ó tẹ́tí sí àwọn babaláwo, ó sì kọ ẹsẹ Ifá sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi wí i. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà àti ti Nàìjíríà, ìwé rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé. LibriVox a sì máa gba ìwé ní èdè yòówù, bí ẹni tí ó gbọ́ èdè náà bá wà láti kà á àti láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kà á gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ìwé ayé ìgbà náà kò fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀ bí a ti ń ṣe lónìí. Bí ojú bá rí "ogun" lásán, ṣé ogun tí a ń jà ni, ṣé ogún tí bàbá fi sílẹ̀, àbí Ògún Onírè? Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá ṣi orúkọ pè bà á jẹ́ díẹ̀. Nínú ẹsẹ Ifá, ohùn tí ó bá ṣìnà ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó lè ka Yorùbá nìkan kò tó. Babaláwo ni ó yẹ kí ó jókòó ní ipò olùgbọ́, kí ó máa dáhùn "Hin" tàbí kí ó dá a dúró.

6. Ohun tí kò yẹ kí á kà

Ìbéèrè kan ṣì kù tí àwọn olùkàwé ọ̀fẹ́ kì í sábà bá pàdé, tí àwa sì gbọ́dọ̀ bá pàdé. Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó jẹ́ ti gbogbo etí?

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Cherokee, onílẹ̀ àtijọ́ ní Amẹ́ríkà. Ayunini, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Swimmer, jẹ́ oníṣègùn ní North Carolina. Ó ní ìwé kan tí ó tó ojú ewé 240, tí ó fi èdè rẹ̀ kọ ọfọ̀, àdúrà àti oògùn sí. James Mooney, tí ìjọba Amẹ́ríkà rán níṣẹ́ ìwádìí, dé ibẹ̀ ní 1887. Ó bá a sọ̀rọ̀ títí, ó ra ìwé náà, ó sì tẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ jáde ní 1891. Ẹ̀wẹ̀, a kò lè ní ìwé náà kò wúlò, nítorí òun ni ó jẹ́ kí díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn wà títí dòní. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ọmọ Cherokee kankan tí ó gbọ́dọ̀ bi léèrè. Ẹni tí ó bá wù lè ka ọfọ̀ náà sókè, kí ó fi ìlù sí i, kí ó tà á.

Ohun tí a bá fi sílẹ̀ fún LibriVox náà rí bẹ́ẹ̀. Olùkàwé ti fi ohùn rẹ̀ fún gbogbo ayé pátápátá. Kò lè gbà á padà, kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé má lò ó báyìí. Fún Homer àti fún Kalevala, èyí dára púpọ̀. Fún ìtàn inú ẹsẹ Ifá tí a ń sọ fún ọmọdé àti àgbà, kò burú. Ṣùgbọ́n ọfọ̀, ògèdè, àti ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nínú igbódù ní ẹni tí a ń sọ ọ́ fún àti ìgbà tí a ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó ní àṣẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń jù sójú títì.

7. Kí ni kí á ṣe?

Ọ̀nà mìíràn wà yàtọ̀ sí kíka ìwé, àwọn kan sì ti tọ̀ ọ́. Ní 1940 sí 1941, Lorenzo Turner, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ lọ sí Bahia ní Brazil. Ó gba ohùn Martiniano do Bonfim sílẹ̀, babaláwo tí ó ti gbé Èkó nígbà èwe rẹ̀. Ní 1951, William Bascom gba ohùn Sàlàkọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, níbi tí ó ti ń ké ẹsẹ ẹ́ẹ̀rìndínlógún. Ohun tí ó di ìwé ní 1980 nìyẹn. Ohùn ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ ni wọ́n mú, kì í ṣe ohùn ẹni tí ó ka ìwé nípa rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n mọ ẹ̀rọ yọ̀ǹda ara wọn bí àwọn LibriVox ti ń ṣe, kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n gba ẹsẹ sílẹ̀ láìgé e, kí wọ́n sì sọ orúkọ ẹni tí ń ké e, ìlú rẹ̀, odù tí ó ti wá, àti ọdún. Lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n bi àgbà náà léèrè, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tí ó gbà kí gbogbo ayé gbọ́ àti ohun tí kò gbà. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí a ka Lijadu, kí babaláwo gbọ́ ọ yẹ̀ wò. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí àwọn tí ẹ̀tọ́ ìwé Ifá wà lọ́wọ́ wọn ronú bóyá wọ́n lè yọ̀ǹda ìtàn díẹ̀ kí á kà á sókè fún àwọn ọmọ wa lẹ́yìn odi, láìdúró de 2064.

Ìkádìí

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí LibriVox bẹ̀rẹ̀, àjọ UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ohun àjogúnbá àtẹnudẹ́nu tí ó ta yọ ní gbogbo ayé. Oyè ńlá ni. Ṣùgbọ́n oyè kò ní ohùn. Àwọn àjèjì tí kò jẹ wá ní gbèsè ń jókòó lálaalẹ́, wọ́n ń ka ìtàn ìran tí kì í ṣe tiwọn kí ó má baà parun. Àwa tí ìtàn ṣì wà láàyè lẹ́nu àgbà wa, kò yẹ kí á dúró kí ó di ìwé ná kí á tó wá ẹni tí yóò kà á fún wa.

Àbọrú, àbọyè.